Obìnrin Tí Kì Í Pe Òkè

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí a sin ìyá àgbà mi ni ìwé dé láti mẹ́rì Ṣábẹ̀ẹ́, ilé ìjọba ìlú wa, pé kó wá tẹ̀ka sí ìwé ìkẹyìn tí yóò sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè Benin. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà. Ìlú tí wọ́n bí i sí wà níbẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan. Ẹni tí wọ́n ń pè nìkan ni kò sí mọ́.

Àṣàbí ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Plateau nínú ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, Ìyá Ihò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ló kú, lọ́sàn-án, lórí ẹní rẹ̀, lẹ́yìn tó ti kó iṣu gbígbẹ wọlé tán. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Iye tó fi lé, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọ Ṣábẹ̀ẹ́ bí ìyàwó títí di ọjọ́ tó kú, ọmọ Nàìjíríà ni ìwé ń pè é. Ohun tí mo kọ síhìn-ín, òmíràn ṣojú mi, òmíràn ni àwọn tó bá a gbé sọ fún mi.

Òkè ni orúkọ bàbá àgbà mi, ọkọ rẹ̀ tó ti kú ṣáájú rẹ̀. Inú àpò ni wọ́n bí i sí, àpò náà kò sì bẹ́ títí ó fi délẹ̀. Orúkọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń mú tọ̀run wá nìyẹn. Pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Ihò kọjá ti àwọn ìyàwó tó kù. Orúkọ nìkan kọ́ ni kì í pè, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ahọ́n rẹ̀. Nínú ìlú tiwa yìí, níbi tí èèyàn bá dúró sí, òkè ni ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ bà. Òun a máa pè wọ́n ní "àgbà òkúta". Orí ọ̀kan nínú wọn ló ti ń sá iṣu rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í léèrè ibi tó ń lọ, á ní òun ń lọ sẹ́yìn àgbà òkúta. Tó bá fẹ́ ká gbé igbá sókè àjà, á ní ká gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kì í tó. Òkèlè pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. "Ẹ tún bu ìbù kan sí i," ni ó máa ń wí fún àlejò.

Bàbá mi ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, àwọn ọmọ ilé a máa dẹ pàkúté fún ẹnu rẹ̀. Wọ́n á na ìka sí àwòdì tó bà sórí àpáta, wọ́n á bi í pé kí ni ẹyẹ yẹn bà lé. Á wò wọ́n, á máa bó iṣu rẹ̀ lọ. "Ó bà lé ohun tí ẹ fẹ́ kí n pè," ni yóò dáhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le ni pé Òkèhò ni wọ́n bí i sí, ní ìhà kejì ààlà. Nígbà tó dé ilé ọkọ, àwọn ìyàwó ilé bi í pé níbo ni wọ́n ti mú un wá. Ó gé orí orúkọ ìlú bàbá rẹ̀ sọnù, ó ní, "Ihò." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ihò wo? Ṣé ihò eku ni àbí ihò ọ̀kẹ́rẹ́? Orúkọ lẹ̀ mọ́ ọn lára láti ọjọ́ náà. Obìnrin tó wá láti òkèèrè, kò lè la ẹnu sọ pé òkèèrè ni òun ti wá. Èsì tó fún wọn ni àwọn arúgbó àdúgbò wa ṣì ń sọ fún ara wọn títí dòní: "Ẹ rọra rín in. Inú ihò ni gbogbo yín náà ti jáde."

Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tó bá ti wà láyé kó tó dé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ kékeré tó máa ń fi gègé sẹ́yìn etí nígbà náà. Akọ̀wé ló sọ ọ́. Akọ̀wé náà kò jókòó ní ọ́fíìsì kankan láyé rẹ̀. Oko iṣu àti kajú ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ní Ofè, òun ló sì ti di olórí ẹbí wa báyìí. Síbẹ̀, Akọ̀wé ni gbogbo ìlú ń pè é. Nígbà tí mo lọ bá a lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní orúkọ tí ìyá òun sọ òun, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ mọ́ àfi ẹni tó ń wo kátì ìdánimọ̀ òun. Ó ní, "Ìyàwó wa ló sọ gbogbo wa lórúkọ. Ìjọba ló wá ń bi í pé ta ló jẹ́."

Kò sí ẹni tó máa sọ fún yín pé ó rọ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, ó sì máa ń di èèyàn sínú. Òun àti Ìyá Sìdíkà, aládùúgbò wa tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti tiwa, wọ́n ti jà nítorí adìyẹ, wọ́n ti jà nítorí èéfín, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù wáyé nídìí ẹ̀rọ omi. Ta ló kọ́kọ́ gbé korobá kalẹ̀? Bí ohùn ṣe ń ga, Ìyá Sìdíkà sọ ọ̀rọ̀ kan lù ú tí kò ṣeé kó padà: ó ní àtọ̀húnrìnwá kì í tò ṣáájú onílé. Ìyá mi wà níbẹ̀. Ó ní Ìyá Ihò kò pariwo. Ó gbé korobá rẹ̀ kúrò, ó dà á sílẹ̀ ṣófo, ó ní: "Omi tí mo ti mu ní ìlú yìí ti pọ̀ ju omi ọmú ìyá mi lọ." Ìkórè mẹ́ta ni wọn kò fi kí ara wọn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àtọ̀húnrìnwá yẹn dùn ún ju bó ṣe fi hàn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un dìde ni ìgbà tí wọ́n wá ń ka gbogbo ènìyàn sílẹ̀ fún kátì ìdánimọ̀ tuntun. Ọmọbìnrin kan tó gbé ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ bi í léèrè títí, ó wá yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní "ètranjẹ́" ni màmá yìí. Ohun tí Faransé ń pe àjèjì nìyẹn. Létí Ìyá Ihò, ẹ̀tànjẹ ló gbọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ náà. Mo bá a lórí àpótí, gèlè rẹ̀ ti tú. Mo ṣàlàyé fún un pé wọn kò pè é ní ẹlẹ́tàn, pé àlejò ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Èyí tí mo gbọ́ yẹn dára jù," ló wí. "Ẹlẹ́tàn, wọ́n á béèrè ẹni tó tàn jẹ. Àlejò, wọ́n á béèrè ìgbà tó máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní òun fẹ́ ìwé. Ohun tó fẹ́ fi í ṣe kò pọ̀: ó fẹ́ dìbò lẹ́ẹ̀kan kó tó kú. Gbogbo ọjọ́ ìbò ló máa ń se iṣu láti kùtùkùtù, á gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń dìbò. Kì í ṣe títà. Ẹni tó bá jáde á kọ́kọ́ na àtàǹpàkò sí i kó rí yíǹkì tó wà níbẹ̀, kó tó bu iṣu fún un. Aláró ni ìyá tó bí i, òun náà sì ti pa aró rí kó tó wọlé ọkọ. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dìbò, ó di ọwọ́ mi mú pẹ́, ó ń fi ìka rẹ̀ ra yíǹkì náà bóyá ó máa yọ. Kò yọ. Ó ní, "Ọwọ́ mi ti wọ gbogbo aró láyé yìí, àfi aró ìbò."

Ìwé tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kún àpò. Wọ́n fẹ́ ìwé ìbí. Kò ní in, nítorí náà ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní ìhà Nàìjíríà lọ búra fún un ní kóòtù, a sì ní láti gbé e fún ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí kó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Wọ́n fẹ́ ìwé olórí àdúgbò pé ibí ló ń gbé, ìwé pé kò sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀, ìwé dókítà pé ara rẹ̀ pé. Wọ́n fẹ́ àwòrán tí kò ti wé gèlè. Èyí nìkan gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbà. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá kan wá sí àdúgbò láti wádìí ìwà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ẹbí. Ẹnu ọ̀nà tó kọ́kọ́ kàn ni ti Ìyá Sìdíkà.

Ìyá Ihò wà lẹ́yìn ògiri, ó ń jọ èlùbọ́, ó sì dá ọwọ́ dúró kó lè gbọ́. Ọlọ́pàá béèrè irú ènìyàn tí ìyá yìí jẹ́. Ìyá Sìdíkà ní ẹnu rẹ̀ kò dára, ó ní kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, ó ní adìyẹ rẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọlọ́pàá ń kọ ọ́. Ìyá Sìdíkà wá fi kún un pé: "Ṣùgbọ́n kò jí abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni rí. Tí ẹ bá sì lé e lọ, ta ni mo máa bá jà?"

Dọ́síè náà, ìyẹn àpò ìwé rẹ̀, lọ sí Kòtònú, ó sì padà wá. Wọ́n ní ìlú ìbí kò bára mu. Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sínú ìwé: ìlú ìbí, Ihò. Olórí àdúgbò náà kọ Ihò, torí ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Ìwé kóòtù láti Nàìjíríà nìkan ló kọ Òkèhò, mo sì rò pé akọ̀wé kóòtù ló ṣì í kọ. Èmi oníṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo máa ń ní kí ẹlòmíràn tún orúkọ ìlú rẹ̀ pè fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mi ò bi ìyá àgbà mi léèrè lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n pè é sí mẹ́rì. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọmọ Pọ̀bẹ̀ tí wọ́n gbé wá síbí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń sọ Nàgó, Yorùbá ìhà ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá Ihò ti sọ òun náà lórúkọ: Ọ̀gá Ìwé. Ó bi í ní orúkọ ọkọ.

"Olówó orí mi," ni ó dáhùn.

"Màmá, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ ni mò ń béèrè."

"Mi ò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ."

Ọ̀gá Ìwé gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Ó bi í ní ìlú tí wọ́n bí i sí. Ìyá náà ní Ihò. Ọ̀gá Ìwé wá tẹ́ àwọn ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ó ní lójú Kòtònú, obìnrin méjì nìyí. Mo la ẹnu láti bá a dáhùn, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òfin ni pé ẹni tó ń béèrè ìwé ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́, ẹlòmíràn kò lè sọ ọ́ fún un. Ó fún wa ní ọjọ́ mìíràn. Bí kò bá bára mu ní ọjọ́ náà, a máa bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti kóòtù, àti dókítà, àti ọlọ́pàá. Nígbà tí a délé tí Ìyá Ihò bọ́ bàtà tán, ó ní: "Kí wọ́n gbé ìwé wọn. Mo ti ń gbé láìsí i."

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ránṣẹ́ sí Akọ̀wé ní Ofè.

Akọ̀wé ló sọ èyí fún mi. Ó ní bí òun ṣe jókòó ni Ìyá Ihò kúnlẹ̀. Ó dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni, Akọ̀wé sì ti wà nínú ilé kó tó dé. Akọ̀wé ní kó dìde, orúnkún rẹ̀ kò dára. Ìyá Ihò ní òun kò ní dìde. Ó ní ìjọba ní kí òun pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun kò sì lè pè é láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí.

Akọ̀wé ní ẹ̀rín pa òun títí omi fi jáde lójú òun. Ó wá sọ fún un pé ní ọjọ́ kan lóko, lábẹ́ igi kajú, ẹ̀gbọ́n òun sọ ọ̀rọ̀ kan: pé gbogbo ayé ló ń pe òun lórúkọ, ará ọjà ń pè é, ọmọ ìta ń pè é, ẹnu kan ṣoṣo tó wu òun kí òun ti gbọ́ ọ ni kò pè é rí.

Ìyá Ihò gbé ojú sókè wò ó. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi látìgbà yìí?"

"Ìyàwó wa," ni Akọ̀wé dáhùn, "ẹ ò bi mí."

Inú yàrá rẹ̀ la sin bàbá àgbà mi sí, bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ihò wọ yàrá náà, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá mi tó ń ro ọkà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ohùn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tó jáde, ó nu ojú, ó béèrè bóyá ọbẹ̀ ti jinná. Ìyá mi bi í pé kí ló lọ ṣe nínú ilé. Ó ní, "Mo kọ́kọ́ pè é nílé, kó má bàa jẹ́ pé ará ìta ló máa gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀."

Ní ọjọ́ tí wọ́n fún wa, ó wé gèlè funfun. Ọ̀gá Ìwé béèrè, Ìyá Ihò sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

"Òkè ni ọkọ mi. Òkèhò ni wọ́n bí mi sí. Kọ ọ́ dáadáa."

Ọ̀gá Ìwé kọ ọ́, ó kà á fún un. Ìyá Ihò ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ó ní ó kù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tó tò sẹ́yìn wa kò sì kùn. Nígbà tí a ń darí bọ̀ wálé lórí alùpùpù akérò, sémíjàn tí gbogbo wa ń gùn, ó jókòó láàrin èmi àti ọlọ́kọ̀, ó ń na ìka sí àwọn àgbà òkúta rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkè. Òkè. Òkè mìíràn nìyẹn. Ọlọ́kọ̀ bi mí pé ṣé màmá kò mọ̀nà ni. Ìyá Ihò gbọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ kàn án léjìká.

"Máa wa ọkọ̀ rẹ lọ," ló wí. "Ọkọ mi ni mò ń kí."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ òkèlè, tó ń sọ òkèèrè, tó ń pe gbogbo ohun tó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n ti kéde ọjọ́ ìbò. Ó ti pinnu pé ní ọdún ìbò tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ni yóò se iṣu. Ó ní òun fẹ́ kí Ìyá Sìdíkà bu tòun fún òun, kó sì kọ́kọ́ wo àtàǹpàkò òun kó tó bù ú. Wọ́n ti ń kí ara wọn nígbà náà. Ikú kò dúró de ìwé, kò sì dúró de ìbò. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó lọ, èmi àti Akọ̀wé mú ìwé ìpè náà lọ sí mẹ́rì. Ọ̀gá Ìwé dìde nígbà tó gbọ́, ó sì ní ká jókòó. Ó ṣàlàyé pé òfin kò gbà kí wọ́n sọ òkú di ọmọ orílẹ̀-èdè. Lórí ìwé ikú rẹ̀, àyè kan wà tí a ti ń kọ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà ni yóò sì kọ síbẹ̀. Ó ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ìwé olórí àdúgbò àti ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe ẹbí. Ìyá Sìdíkà ti ní òun ni ẹlẹ́rìí kìíní. Ẹ̀dà ìwé ikú náà á wọ inú dọ́síè, dọ́síè á sì lọ sí Kòtònú kí wọ́n tì í pa.

Akọ̀wé bi í bóyá wọ́n tún máa dá a padà.

Ọ̀gá Ìwé ṣí àpò ìwé náà, ó wo ojú ewé àkọ́kọ́, ó wo ti ìkẹyìn. "Rárá, Bàbá," ló wí. "Òkèhò ni wọ́n bí wọn sí, Òkè ni ọkọ wọn. Ó ti bára mu. Èyí kò ní padà wá mọ́."